Fíríìjì Tí Kò Gbọdọ̀ Sinmi

Láti ìgbà tí a ti sin Màmi, inú ọkọ̀ ni Dádì ń sùn. Kámpà àtijọ́ kan ni, èyí tó ní bẹ́ẹ̀dì, sítóòfù àti fíríìjì kékeré nínú, tí àwọn méjèèjì fi máa ń lọ sí etí òkun. Iwájú ilé wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Parsloes Park, nílùú òyìnbó níbí, ló wà, wáyà iná gba ojú fèrèsé kíṣìnnì wọ inú rẹ̀. Ojú oorun ni Màmi kú sí, nínú yàrá àwọn méjèèjì, Dádì ò sì fẹ́ sùn nínú ilé náà mọ́. Àwọn àgbà ìjọ wá tàwọn ti sùtánà àti àbẹ́là, wọ́n gbàdúrà yí ilé ká, wọ́n ní kó padà wọlé. Ó ṣe àmín sí gbogbo rẹ̀, ó sì padà sínú ọkọ̀.

Èmi Adékẹ́mi, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, n kò bá a jà. Bí ẹnu ṣe máa ń rí lẹ́yìn abẹ́rẹ́ oníṣègùn eyín, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ara mi rí: mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, n kò kàn mọ̀ ọ́n lára ni. Mò ń ta bàtà ní ilé ìtajà Vicarage Field. Mo máa ń bi àwọn èèyàn pé báwo ni ẹsẹ̀ wọn ṣe tóbi tó, màá wọ bọ́ọ̀sì padà sílé mi ní Beam Park, màá sùn. N kò sunkún níbi ìsìnkú, n kò sì sunkún lẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà tí oòrùn wá mú gan-an, nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú Dádì pè mí. Ó pẹ́ tí Dádì ti ní ìtọ̀ ṣúgà. Nọ́ọ̀sì ní ooru inú ọkọ̀ ti ba abẹ́rẹ́ ínsúlìnì rẹ̀ jẹ́, ṣúgà rẹ̀ sì ti ga ju bó ṣe yẹ lọ. Bó bá tún bàjẹ́, wọ́n á dá a dúró sí ọsibítù. Mo ní kí Dádì kó abẹ́rẹ́ sí fíríìjì inú ilé, ó ní ìyẹn ti bàjẹ́. Mo ní kí n ra òmíràn, ó ní òun ò fẹ́. Mo ní kó jẹ́ kí n kó o sọ́dọ̀ mi, ó ní òun ò lè máa wọ bọ́ọ̀sì lọ gba oògùn òun. Ó ní kámpà ní fíríìjì tirẹ̀, òun ni kí n tún ṣe. Bí bàbá mi bá ti lórí kunkun báyìí, kó o má wulẹ̀ dá ara ẹ láàmú.

Bí mo ṣe di oníṣẹ́ fíríìjì nìyẹn. Orí fóònù ni mo ti kọ́ ọ, lọ́dọ̀ òyìnbó onírùngbọ̀n kan. Irú fíríìjì yẹn ò ní ẹ́ńjìnnì rárá. Ooru ló fi ń ṣe òtútù: iná tàbí gáàsì á mú páìpù kan gbóná lẹ́yìn rẹ̀, o ò sì ní gbọ́ ohùn kankan. Ó gbọ́dọ̀ dúró déédéé, kò sì ní tutù dáadáa àfi bó di ọjọ́ kejì. Mo gbé ife omi sílẹ̀ nínú ọkọ̀, omi náà fì sápá kan, mo bá ti pákó bọ abẹ́ táyà títí ó fi tọ́. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín gbá òwú aláǹtakùn àti ìpẹtà kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Mo tan iná sí i, páìpù gbóná, mo lọ sílé.

Lọ́jọ́ kejì, fíríìjì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo yí i sí gáàsì, pàbó. Mo pààrọ̀ fíúùsì, pàbó. Mo ṣépè fún ẹni tó ṣe é àti ẹni tó tà á. Dádì jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń bó ọsàn, ó ní fíríìjì náà ti dàgbà ni, kí n má bínú sí i.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá ń lọ sílé, páìpù yẹn máa ń gbóná. Nígbà tó di ọjọ́ ìsinmi mi, mo tètè lọ láàárọ̀. Dádì wà lórí ìkúnlẹ̀, agogo àdúrà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, mo wo súwíìṣì fíríìjì. Wọ́n ti pa á. Nígbà tó ṣe àmín tán, mo bi í pé ta ló pa á.

“Èmi ni,” ó ní. “Alaalẹ́ ni mo máa ń pa á, kó lè sinmi. Tí mo bá ti gbàdúrà tán, màá on ẹ̀.”

Nígbà mìíràn, oorun á gbé e lọ, á di ọ̀sán kó tó rántí. Ǹ bá pariwo mọ́ ọn, àmọ́ mo mọ ẹni tó ni àṣà yẹn. Màmi ni. Láti Èkó ló ti kó o wá, láti ayé ìgbà tí iná máa ń ṣe ségesège. Tó bá ti fọ abọ́ tán lálẹ́, á pa fíríìjì, á ní ohun tí kì í sinmi kì í pẹ́. Nígbà tí mo rojọ́ mílíìkì tó kan, ó ní kí n lọ ra òmíràn.

“Dádì, eléyìí ò ní engine tó máa rẹ̀ ẹ́,” mo ní. “Tẹ́ ẹ bá ti pa á, òtútù ẹ̀ ti lọ nìyẹn. Insulin yín á tún bàjẹ́, wọ́n á sì dá yín dúró sí hospital. Ẹ má pa á mọ́.”

Ó wo súwíìṣì náà títí.

“Kí ni màá wá máa pa kí n tó sùn?”

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo wọ inú ilé lọ wo fíríìjì tó ní ó bàjẹ́, torí n kò tíì yẹ̀ ẹ́ wò rí. Àwọn ìyá ìjọ ti nù ún mọ́ lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n fi aṣọ ìnuwọ́ há ilẹ̀kùn rẹ̀ kó má bàa rùn. Wáyà rẹ̀ wà lójú iná. Súwíìṣì ara ògiri nìkan ni wọ́n pa. Mo nawọ́ sí i.

Mo gbọ́ ìró sálúbàtà lẹ́yìn mi. Dádì, tí kì í kọjá balùwẹ̀ nínú ilé yẹn mọ́, dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì.

“Kò bàjẹ́,” ó ní. “Ìyá ẹ ló pa á lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó ní tílẹ̀ bá mọ́, òun á on ẹ̀.”

Mo yọ ọwọ́ mi kúrò lára ògiri. Ọwọ́ Màmi ló kan ibẹ̀ kẹ́yìn. Ó dùn mí, ó dùn mí wọra, mo sì fẹ́ sọ pé ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí n padà lọ máa bá ti inú ọkọ̀ jà.

Dádì ń wo ojú fèrèsé. Oòrùn ti yọ.

“Ilẹ̀ ti mọ́, Kẹ́mi,” ó ní. “Bá ìyá ẹ on ẹ̀.”

Mo tẹ̀ ẹ́. Fíríìjì náà gbọ̀n, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Mo gbé orí lé e, mo sunkún. Dádì fa aṣọ ìnuwọ́ yọ, ó ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, ó sì jáde lọ kó àwọn abẹ́rẹ́ rẹ̀ wá láti inú ọkọ̀.