Fílítà Òwúrọ̀, Fílítà Ìrọ̀lẹ́

"Olóríburúkú ẹ̀rọ! Mo fún ọ ní àwòrán tó dáa, o tún ti da epo sí i!"

Ẹ má dá ọkùnrin yìí lẹ́bi o. Ẹ̀rọ tí ń tẹ fọ́tò ló ń bá jà, èyí tó jókòó jẹ́ẹ́ sí igun ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tí kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn rí. Onífọ́tò ni Bàbá yìí, Ojú Àṣá sì ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí kò sí àbàwọ́n kankan lára àwòrán tó lè sá pamọ́ fún un.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, kàn dorí kodò ni. Ìyá Kékeré ni Bàbá ń pè é, nítorí bó ṣe máa ń bá a wí bí ìyá. Lọ́jọ́ yìí, kò rí ìbáwí kankan sọ. Ó mọ ẹni tó jẹ̀bi, kì í sì í ṣe ẹ̀rọ.

Fílítà méjì ni wọ́n ń lò jù nínú kọ̀ǹpútà wọn, àwọn fúnra wọn ni wọ́n sì sọ wọ́n lórúkọ. Òwúrọ̀ máa ń mú kí àwòrán tutù, kó fà sí búlúù. Ìrọ̀lẹ́ máa ń mú un lọ́ wọ́ọ́rọ́, kó pọ́n díẹ̀. Bí iyọ̀ ni fílítà, ìwọ̀nba là ń bù ú. Àmọ́ ní àìpẹ́ yìí, Bàbá ti ń bu Òwúrọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé, débi pé ẹni tó ń rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò á dà bí ẹni tó sùn mọ́jú nínú omi. Nígbà tí ọmọ náà kọ́kọ́ rí i, ó mọ ohun tó fà á. Ojú Bàbá ni! Ta ló máa wá sọ fún Ojú Àṣá pé ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́? Látìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, iṣẹ́ yìí nìkan ló ń gbé e dìde lórí bẹ́ẹ̀dì.

Torí náà, tí Bàbá bá ti jáde lọ nasẹ̀, ọmọ náà á yọ́ lọ sídìí kọ̀ǹpútà, á yọ Òwúrọ̀ kúrò, á fi Ìrọ̀lẹ́ bíńtín sí i, á sì tẹ̀ ẹ́. Oníbàárà á yọ̀, á máa yin Bàbá.

Bàbá nìkan ni inú rẹ̀ kì í dùn. Lójú tirẹ̀, ohun tó jáde pọ́n ju ohun tó ṣe lọ. Ẹ̀rọ ló bàjẹ́, ó dá a lójú! Ló bá ń fi Òwúrọ̀ kún un. Ọmọ ń yọ ọ́. Bàbá tún fi kún un, ọmọ tún yọ ọ́. Ẹ̀rọ aláìmọwọ́mẹsẹ̀ ló ń jẹ èébú.

Kò tán síbẹ̀. Ẹ̀wù funfun ni ọmọ náà máa ń wọ̀ sẹ́nu iṣẹ́, kí ìmọ́lẹ̀ lè ta lára rẹ̀ sójú oníbàárà. "Ìyá Kékeré, ẹ̀wù yìí ti pọ́n rúsúrúsú," ni Bàbá máa ń sọ. "Fọ̀ ọ́ dáadáa, kí o sì da búlúù sómi ẹ̀."

"Mo gbọ́, Bàbá." Á fọ̀ ọ́. Tó bá di ọjọ́ kejì, Bàbá á tún ní ó pọ́n.

Lọ́jọ́ kan, ọmọ náà lọ ra bébà. Kó tó dé, Bàbá ti ya ọmọ ìkókó kan, ó ti fi Òwúrọ̀ sí i, ó sì ti fi ránṣẹ́ sórí fóònù ìyá ọmọ. Kò pẹ́ tí ìyá ọmọ fi sáré padà wọlé, tòun ti ọmọ lẹ́yìn.

"Bàbá, ẹ wo ètè ọmọ mi nínú fọ́tò yìí, ó búlúù! Mo rò pé kò lè mí ni. Mo ti gbé e dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì! Nọ́ọ̀sì ní ara ọmọ le koko, fọ́tò ló ń ṣàìsàn."

"Fọ́tò tèmi?" Bàbá fárí gá. Ibẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ wọlé bá wọn. "Ìyá Kékeré, wo èyí, kí o sọ òótọ́. Ṣé ó búlúù?"

Ìyá Kékeré wo fọ́tò, ó wo ìyá ọmọ. Irọ́ ti dé orí ahọ́n rẹ̀, ó gbé e mì.

"Ó búlúù, Bàbá."

"Àwọn tó kù ńkọ́?"

"Gbogbo wọn ni. Èmi ni mo máa ń tún wọn ṣe tí ẹ bá ti jáde. Ẹ má bínú." Ó bú sẹ́kún.

Bàbá rọra jókòó. Ó bẹ ìyá ọmọ, ó ṣèlérí fọ́tò mìíràn fún un. Nígbà tí obìnrin náà lọ tán, ó kọjú sí ọmọ rẹ̀.

"Mo ti rò pé orí mi ló ń dàrú," ó ní. "Ohun tí mo ṣe àti ohun tó ń jáde ò bára mu. Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò lè sọ fún ẹnì kankan. Ẹ̀rọ ni mo wá ń bú."

Ọ̀rọ̀ yìí dun ọmọ náà ju èébú lọ. Ó ti rò pé òun ń bo Bàbá láṣìírí ni. Kò mọ̀ pé ńṣe lòun fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rù, lóun nìkan.

Nígbà tí wọ́n dé ilé ìwòsàn, dókítà ojú tan iná sójú Bàbá, ó mi orí. Ohun kan ti bo ẹyinjú méjèèjì bí ìkùukùu, ó sì ti pọ́n, òun ló ń mú kí ohun gbogbo máa pọ́n lójú Bàbá. Iṣẹ́ abẹ ló kù, ojú ọ̀tún ni wọ́n máa kọ́kọ́ ṣe, àmọ́ ó ti pẹ́ díẹ̀, kò lè fi gbogbo ẹnu ṣèlérí pé á tún ríran dáadáa.

"Kí ló dé tí ẹ ò tètè wá, Bàbá?"

Ọmọ náà lanu, Bàbá di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ̀rọ wa ni, Dókítà. Òun ló tàn mí jẹ."

Nígbà tí wọ́n ṣí báńdéèjì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ọmọ náà dúró níwájú rẹ̀ nínú ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀. Bàbá ṣẹ́jú. Ó tún ṣẹ́jú. Ó wò ó láti òkè délẹ̀, ó fajú ro.

"Bàbá, ṣé ẹ ń rí mi?"

"Ìyá Kékeré, ta ló da búlúù sí ẹ̀wù ẹ tó báyìí?"

Láti ọrùn dé ìsàlẹ̀, ẹ̀wù funfun náà ti mu búlúù yó.

"Ẹ̀yin náà ni, Bàbá. Ẹ ní ó ń pọ́n."

"O rí i pé kò pọ́n, o sì ń fọ̀ ọ́?"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n fọ̀ ọ́."

Bàbá di apá ẹ̀wù náà mú, omi sì lé ròrò sójú tuntun náà. Nọ́ọ̀sì sáré dé. "Bàbá, ẹ ò gbọ́dọ̀ sunkún o!"

"Ọmọ yìí ni kí ẹ bá wí," ni Bàbá fèsì, kò sì fi apá ẹ̀wù náà sílẹ̀.