Làálì Lórí Èékánná Ihsan

Ní gbogbo Ẹnu Ọ̀wá, kò sẹ́ni tó mọ làálì lé fún ìyàwó bíi Hàwáwù. Ara ògiri kan náà ni yàrá rẹ̀ àti tèmi wà. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Ihsan, tí kò tíì pé ọdún méjì.

Tẹ́lẹ̀, Nọ́ọ̀sì Olúbùnmi nìkan ló máa ń wá gún àwọn ọmọ wa ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Á jókòó sórí àpótí, á máa dáhùn ìbéèrè wa títí ọkàn wa á fi balẹ̀. Ẹni tó bá wù ló ń gbọ́mọ jáde, ó sì ń wu ọ̀pọ̀ wa. Nígbà tí éèyí bẹ̀rẹ̀ sí í sú sáwọn ọmọdé lára, ìjọba ní kò sí pé ó wù mí, kò wù mí mọ́: ìyá tó bá kọ abẹ́rẹ́ àjẹsára fún ọmọ rẹ̀, àtìmọ́lé ni. Ọlọ́pàá wá ń tẹ̀ lé nọ́ọ̀sì kiri. Inú bí mi gan-an. Ṣé olè ni wá ni?

Hàwáwù ní kò sẹ́ni tó máa fipá gún ọmọ òun. Ó mọ̀ pé máàkà dúdú ni wọ́n fi ń kun èékánná ọmọ tó bá ti gbà á. Ó po làálì dúdú, ó lé e sí èékánná Ihsan. Nọ́ọ̀sì àti ọlọ́pàá dé, wọ́n wo ìka, wọ́n kọjá lọ.

Kò pẹ́ ni éèyí pa ọmọ Jíbrílù tó ń gbé ọ̀ọ́kán wa. Àyà Hàwáwù já. Òun fúnra rẹ̀ ló pọn Ihsan lọ sí ìdí tábìlì tí wọ́n ti ń gún abẹ́rẹ́ náà ní Ìdúmàgbò, èmi náà sì tẹ̀ lé e.

Nọ́ọ̀sì Olúbùnmi wo ìka ọmọ. "Ìyá Ihsan, ọmọ yìí ti gbà á now."

"Ẹ jọ̀ọ́ Mà, ẹ tún un gún."

"Ha, a kì í gún un lẹ́ẹ̀mejì. Abẹ́rẹ́ náà kò tiẹ̀ tíì kárí àwọn ọmọ yòókù."

Ọlọ́pàá tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ ń wò wá. Mo fi ìgbọ̀nwọ́ gún Hàwáwù pé kó sọ òótọ́. Ó la ẹnu, ó pa á dé. Ó pọn ọmọ rẹ̀ padà sílé, ó fi ọṣẹ àti kànìnkànìn fọ ìka náà títí ọmọ fi ń ké. Làálì kò kúrò.

Ara Ihsan gbóná, ojú rẹ̀ pọ́n, éèyí bò ó. A gbé e dé ọsibítù, wọ́n sa ipá wọn. A sin ín lọ́jọ́ Jímọ̀.

Nọ́ọ̀sì wá kí wa, mo sì sọ ti làálì náà fún un. "Ìyá Ihsan, ẹ ò bá ti sọ fún mi. Ǹ bá gún un fún un kíá."

Hàwáwù wò ó. "Ta ni ǹ bá sọ fún? Ṣé ẹ̀yin ni, àbí ẹni tó dúró tì yín?"

Nọ́ọ̀sì sunkún. Nígbà tó jáde, ọlọ́pàá ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Basheerah, aládùúgbò wa, rí wọn, ó gbé ọmọ tirẹ̀ wọlé, ó tilẹ̀kùn.