Ikú Horace Lórí Fóònù

"Gbájúẹ̀ tí yóò mú èmi," Horace Entwistle fọwọ́ sọ̀yà, "ìyá rẹ̀ ò tíì lóyún rẹ̀!"

Kò tíì panu dé tí fóònù fi dún. Obìnrin kan ni. Ó ní káńsù lòun ti ń pè, pé ìjọba ní ìrànwọ́ owó gáàsì ìgbà òtútù fún àwọn tápá wọn ò ká a. Ṣé Ọ̀gbẹ́ni Entwistle wà nílé?

Horace ṣẹ́jú sí Edna, ìyàwó rẹ̀. Ó wá fa ohùn bí ẹni tó ń sunkún: "Háà, ó ti kú o. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló kú." Ó pa fóònù, ó rẹ́rìn-ín títí eyín àtọwọ́dá rẹ̀ fi yẹ̀.

"Edna, ìwọ náà gbọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá béèrè mi, mo ti kú. Kódà bí wọ́n bá fi ohùn mi sọ̀rọ̀, má gbà! Ẹ̀rọ wà báyìí tó ń sín ohùn èèyàn jẹ."

"Máa kú nìṣó," Edna dáhùn, ikọ́ sì gbà á. Kóòtù wà lọ́rùn rẹ̀ nínú ilé, bùláńkẹ́ẹ̀tì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, nítorí gáàsì tí wọ́n sanwó sínú mítà láti fi mú ilé gbóná ò lè rí alẹ́. Bẹ́ẹ̀ dókítà ti kìlọ̀ pé òtútù ò gbọdọ̀ wọ obìnrin náà láyà mọ́.

Mavis aládùúgbò wọn ló yọrí lẹ́nu ọ̀nà. "Ṣé káńsù ti pè yín? Wọ́n pè mí láàárọ̀. Nọ́ńbà ni wọ́n fún mi, mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n bá mi fowó kún mítà. Ilé mi gbóná bí ààrò!"

Ẹnu Horace ya, kò ṣe é pa dé. Ó dé fìlà, ó jáde, ó tún sáré padà wá wọ bàtà tó gbàgbé.

Ìlà tó bá ní káńsù, àfi bí ìrù ejò. Ẹni tó wà níwájú rẹ̀ ti jẹ sánwíìṣì ọ̀sán tán kó tó kàn án. Shabnam, ọmọbìnrin tó wà nídìí káńtà, tẹ orúkọ rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ojú rẹ̀ sì rọ̀.

"Ẹ kú ará fẹ́ra kù o, bàbá. Ṣé ẹ̀gbọ́n yín ni?"

"Ta ló kú?"

"Ọ̀gbẹ́ni Entwistle."

"Èmi ni Entwistle!"

"Ó wà níbí pé ẹ kú lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun."

"Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀!"

"Ẹ̀yin lẹ sọ pé ẹ ti kú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni! Rárá! Ẹ gbọ́ ná…" Horace wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ dájú.

Ẹnì kan kígbe lẹ́yìn: "Bàbá, tẹ́ ẹ bá ti kú, ẹ jẹ́ kí alààyè kọjá!"

Shabnam bá pe ilé Horace, ó gbé ohùn fóònù sókè. "Màmá, bàbá kan wà níbí tó ní òun ni ọkọ yín."

"Ọkọ mi ti kú," Edna dáhùn, ohùn rẹ̀ ò mì.

"Edna! Èmi ni!"

"Ohùn yìí mà jọ ọ́ o. Olóògbé ti sọ pé wọ́n á sín in jẹ."

"Ẹ bi í ní ohun tí ọkọ yín nìkan mọ̀," Shabnam wí.

"Ó dáa. Ṣúgà mélòó lọkọ mi ń fi mu tíì?"

Horace rọra dáhùn: "Mé… méjì."

"Gbájúẹ̀ ni! Ọkọ mi ò fẹnu kan ṣúgà látìgbà tí dókítà ti kà á léèwọ̀ fún un. Ẹ pe ọlọ́pàá!"

Gbogbo ìlà hó yèè. Orí Horace dàrú pátápátá: bó bá sọ òótọ́, gbájúẹ̀ ni, bó bá purọ́, Horace ni. Ó tẹ̀ mọ́ fóònù, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

"Edna… agolo ìṣó. Nínú yàrá irinṣẹ́, lẹ́yìnkùlé. Lọ wò ó."

Wọ́n gbọ́ bí sílípáàsì ṣe ń wọ́ lọ. Wọ́n gbọ́ ìlẹ̀kùn. Wọ́n gbọ́ ìdérí agolo. Lẹ́yìn náà, Edna kígbe: "Ṣúgà!"

"Òun ni," Edna wí. "Ẹ sọ fún un pé kó máa gbé ibẹ̀." Ó pa fóònù.

Shabnam tẹ kọ̀ǹpútà. "Ẹ ti jíǹde, bàbá." Àwọn tó wà lórí ìlà pàtẹ́wọ́, Horace ṣí fìlà, ó tẹríba fún wọn bí ọba.

"Ó yá, ẹ fún mi ní nọ́ńbà mi, kí òtútù má pa ìyàwó mi."

Shabnam tún wo kọ̀ǹpútà.

"Ilé kan, ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Opó yín ti gbà á lórí fóònù nígbà tẹ́ ẹ wà lórí ìlà."