Omi Alágbàfọ̀

Obìnrin òṣìṣẹ́ omi kan ti fi sípánà sẹ́nu páìpù ilé màmá rẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó yọjú.

"Háà! Ìwọ náà ni wọ́n rán wá?"

"Èmi ni mo ní kí wọ́n rán mi, ẹ̀gbọ́n mi. Ó sàn ju kí àjèjì wá kan ilẹ̀kùn yín lọ."

Òfin-ò-mojú ni wọ́n ń pe obìnrin yìí níbi iṣẹ́ omi, kò sì bínú sí i rí. Látìgbà tí ìjọba ti fi gbèdéke sí omi tí ilé kọ̀ọ̀kan lè lò lóṣù, òun ló máa ń ki irin pẹlẹbẹ kan sínú páìpù àwọn tó bá kọjá ààlà. Ihò irin náà kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, omi á sì máa yọ tín-ín-rín bí òwú. Tọkàntọkàn ló gba òfin náà gbọ́. Adágún omi ìlú ti fà débi pé ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti gbẹ, ó ti sán. Ó ti rí àwọn ìyá ní àdúgbò ìsàlẹ̀ tí wọ́n ń fi omi tí wọ́n ti fi fọ abọ́ wẹ ọmọ. Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé, ta ni kò mọ̀ bẹ́ẹ̀?

Ṣùgbọ́n màmá wọn ni ìka tó ṣẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Iṣẹ́ alágbàfọ̀ ni màmá fi tọ́ àwọn méjèèjì, kí ogbó tó wá kó gbogbo nǹkan lọ lórí rẹ̀: orúkọ ọmọ, ojú ọmọ, ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Aṣọ fífọ̀ nìkan ló ṣẹ́kù. Láti àárọ̀ ni yóò ti máa fọ ẹ̀wù kan náà, tí yóò ṣan án, tí yóò fún un, tí yóò tún rẹ ẹ́ padà sínú ọṣẹ. Bí wọ́n bá ti ẹ̀rọ omi pa, ẹkún ni.

"Mo fẹ́ fi abọ́ omi kan tan màmá," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Wọ́n ní omi tó ń ṣàn la fi ń ṣan aṣọ oníbàárà. Ṣé kì í ṣe bí wọ́n ṣe kọ́ àwa náà nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ó dáa, lọ sọ ọ́ fún ìjọba rẹ."

"Ẹ̀gbọ́n mi, bí mo bá fo ilé tiwa, ojú wo ni mo máa fi kan ilẹ̀kùn ẹlòmíì? Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde."

"Kó ẹ̀ṣọ́ rẹ. Ṣùgbọ́n ìwọ lo máa jókòó ti màmá lónìí."

Àbúrò mú irin pẹlẹbẹ náà jáde. Ó ki irin náà bọ páìpù, ó yí i le. Bó ṣe ń ṣe é nílé ẹlòmíì náà ló ṣe é, ìyẹn gan-an ló sì bà á nínú jẹ́.

Nígbà tó dé ẹ̀yìnkùlé, omi ti di òwú. Màmá na ẹ̀wù tó kún fún ọṣẹ sábẹ́ ẹ̀rọ, ó dúró. Ó yí ẹnu ẹ̀rọ sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ọmọ rẹ̀ ti múra sílẹ̀ de ẹkún.

Màmá kò sunkún. Ó gbójú sókè, ó rí obìnrin kan nínú aṣọ iṣẹ́. Oníbàárà ni lójú tirẹ̀. Ó yára nu ọwọ́, ó sì kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, mà. Aṣọ yín ò ní lè yá lónìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e lọ fún ẹlòmíì. Mo ní ọmọ méjì tí mò ń tọ́."

Àbúrò sáré gbé màmá dìde. "Mo máa dúró, mà," ló wí, omijé sì gba ojú rẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí, ó ń wo omi bó ṣe ń yọ sínú abọ́. Kò ní yọ irin náà, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ilé tó ti dín omi wọn kù, kò sí ọ̀kan tó tíì dúró nínú rẹ̀ rí títí omi fi dé ọwọ́ ẹni tó ń retí rẹ̀; ti màmá yìí ni àkọ́kọ́.