Bàsíà Ni Kó Máa Rìn

Ọkọ mi ni fọ́máànù, èmi sì ni lébírà tó ń po kankéré lábẹ́ rẹ̀. Nílé, a jọ ń jiyàn ni. Níbi iṣẹ́, ẹnu kan ṣoṣo ló ń dún, tiẹ̀ sì ni. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, òjò ti ṣú dẹ̀dẹ̀, bẹ́ẹ̀ dẹ́kìn, òrùlé kankéré tí à ń dà, kò tíì dé ìdajì. Onílé sì ti sọ fún ọkọ mi lójú gbogbo wa pé bí dídà rẹ̀ bá di ọ̀la, kí a kó irin iṣẹ́ wa máa lọ, torí dẹ́kìn tí wọ́n pín dà sọ́jọ́ méjì nílé òun àkọ́kọ́ ń jò títí dòní.

Kí ni ọkọ mi ṣe? Ó ní kí àwọn tó ń ru kankéré máa sáré ìje! Ẹni tó bá gbé bàsíà jù ni yóò kọ́kọ́ lọ sílé. Ni àwọn géńdé bá ń já bàsíà gbà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Àkàbà kan ṣoṣo ló wà. Ẹni tó ń gùn pàdé ẹni tó ń sọ̀, kò sẹ́ni tó fẹ́ yà fún ẹnì kejì. Kankéré ń dà nù, ọkọ mi ń pariwo lókè, “Ẹ yára! Ẹ yára!” Inú bí mi.

Mo ju ṣọ́bìrì sílẹ̀. “Bàbá Ìbejì, ẹ jẹ́ káwọn èèyàn yìí dúró sójú kan! Bàsíà ni kó máa rìn!”

“Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́, lójú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi?”

“Bẹ́ẹ̀ ni! Ṣé kí òjò wá kọ́ yín ni?”

Káfíńtà tó kan pákó dẹ́kìn náà bú sẹ́rìn-ín. Ààrá sán. Ọkọ mi wojú ọ̀run, ó wò mí. “Ó dáa. Ẹ tò!”

A tò láti ìdí kankéré dókè. Àmọ́ ọwọ́ èmi tí mo wà lẹ́sẹ̀ àkàbà kò tó ọwọ́ ẹni tó wà lókè mi. Fọ́máànù kì í gbé bàsíà, òfin ọkọ mi nìyẹn. Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti ká apá ẹ̀wù, ó ti sọ̀ sáàárín wa, ó nawọ́ sí mi.

“Gbé e wá, jàre!”

Inú mi dùn ṣìnkìn! Bàsíà ń ti ọwọ́ bọ́ sọ́wọ́, ẹnì kan dá orin, gbogbo wa gbè é. Nígbà tí ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ bà mí nímú, wọ́n ti tẹ́ igun tó kẹ́yìn, a fa tapólì bò ó.

Onílé dé pẹ̀lú agbòjò, ó ṣí tapólì díẹ̀, ó wò ó yí ká. “Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ,” ló wí. Ariwo ayọ̀ ta.

Ohùn ọkọ mi ti há. Ó súnmọ́ mi nínú òjò. “Ìyá Ìbejì, láti ọ̀la lọ, ìwọ ni kó máa tò wọ́n sẹ́nu iṣẹ́.”

Mo fò mọ́ ọn lọ́rùn lójú gbogbo wọn, tòun ti kankéré lára.