Ohun Tí Bùràímọ̀ Sin

Ogójì ọdún ni Bùràímọ̀ ti ń ta aṣọ àlòkù, èyí tí àwọn ará Accra ń pè ní obroni wawu, ní ọjà Odawna. Bó bá ń fi èdè Twi nájà, àwọn ará Kumasi tó ni èdè náà gan-an a máa wo ẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti ń tẹ̀ lé Nafisa ọmọ rẹ̀ lọ sí ọsibítù, ó ti sọ ara rẹ̀ di àjèjì tí kò gbọ́ nǹkan kan. Bí dókítà bá sọ̀rọ̀, á yíjú sí ọmọ rẹ̀, á ní, "Kí ni wọ́n wí?" Nafisa mọ̀ pé bàbá òun gbọ́, ṣùgbọ́n ọmọ tí a kọ́ ni, ó ń túmọ̀ gbogbo rẹ̀ sí Yorùbá fún un. Ọgbọ́n àgbàlagbà náà ò ju pé ẹni tí kò gbọ́ èdè, a kì í bi í ní ìbéèrè. Ìbéèrè kan sì wà tó ń sá fún.

Ní ọdún 2003, nígbà tí Nafisa jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, tó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán ní Adabraka, kókó kan so sí àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀. Kò dùn ún, kò sì yára. Díẹ̀díẹ̀ ló ń wú, títí eyín méjì fi ń mì, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yọ síta bí ti ẹni tó fi èkùrọ́ sẹ́nu. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n ha kókó náà kúrò lára eegun. Lẹ́yìn náà nọ́ọ̀sì jáde, ó gbé ike kan lé Bùràímọ̀ lọ́wọ́, ó ní kó gbé e lọ sí láàbù tó wà ní òdìkejì ọ̀nà, kí wọ́n lè mọ irú àrùn tó jẹ́. Bí wọ́n ti ń ṣe é níbẹ̀ nìyẹn: ẹbí aláìsàn ló ń gbé e.

Bùràímọ̀ wo inú ike. Ara ọmọ rẹ̀ ni, pẹ̀lú eyín méjì, nínú omi oògùn. Wọ́n ti kọ́ ọ láti kékeré pé ohun tó bá kúrò lára Mùsùlùmí, ilẹ̀ ló ni ín. Kí wọ́n wá gé ọmọ òun wẹ́wẹ́ lórí tábìlì, kí wọ́n da ìyókù sí ààtàn? Ó wọ ọkọ̀ trotro, ó gba Sabon Zongo kọjá lọ sí itẹ́ òkú àwọn Mùsùlùmí, ó fi aṣọ funfun dì í, ó sin ín, ó ṣàdúà. Ìfẹ́ ló fi ṣe é. Ìfẹ́ náà kò kàn gbọ́n ni.

Nígbà tí wọ́n bèèrè èsì, ó ní òun ti gbé e débẹ̀, láàbù ló sọ ọ́ nù. Gbogbo ilé bá a bú láàbù. Ojú abẹ san, Nafisa lọ́kọ, ó bímọ, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Bùràímọ̀ kò tilẹ̀ pé ogún, mẹ́rìnlá péré ló lò.

Ikọ́ ló kó o dé. Wọ́n fún Nafisa ní oògùn ikọ́ ife fún oṣù mẹ́fà, kò ràn án. Fọ́tò àyà wá fi àwọn kókó róbótó hàn nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ méjèèjì. Dókítà Afua, obìnrin tí kì í pariwo, wo fọ́tò náà, ó wo àpá tó wà lábẹ́ àgbọ̀n Nafisa.

"Kí ni wọ́n pe kókó tí wọ́n yọ níbí?" ó bèèrè ní Twi.

"A ò mọ̀," Nafisa fèsì. "Láàbù ló sọ ọ́ nù. Ẹ̀ẹ̀meje ni bàbá mi pààrà ibẹ̀."

Dókítà ní kókó àgbọ̀n kan wà tí kì í ṣe jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ó lè yọjú nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ó ṣọ̀wọ́n gan-an. Ó ní láàbù kì í sábà da irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nù, òun yóò ní kí wọ́n tú ilé ìkẹ́rùsí wọn. Ó lè gba oṣù méjì, ṣùgbọ́n ó sàn kí àwọn dúró dè é ju kí àwọn kánjú fi abẹ kan àyà lọ.

"Wọ́n ní ká dúró oṣù méjì, Bàbá," Nafisa wí, ó sì wúkọ́ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Bùràímọ̀ wo bó ṣe ń wúkọ́. Bó bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Láàbù á wá a tì, wọ́n á tọrọ àforíjì, oṣù méjì á sì ti bọ́ mọ́ ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́.

"Nafisa, kí wọ́n má wá a. Kò sí níbẹ̀. Mi ò gbé e débẹ̀ rárá. Mo sin ín ni."

"Kí ni Papa wí?" dókítà bèèrè.

Nafisa kò wo bàbá rẹ̀. Ó túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kò bù kún un, kò yọ nínú rẹ̀. Ojú ti Bùràímọ̀ débi pé kò lè gbé orí sókè.

Lọ́jọ́ kẹta wọ́n gé díẹ̀ nínú kókó ẹ̀dọ̀fóró náà láti yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí nọ́ọ̀sì gbé ike jáde, Yusif, ọkọ Nafisa, na ọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n Nafisa ti fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ: "Bàbá ni kí ẹ gbé e fún. Kí Yusif tẹ̀ lé wọn." Ọmọ náà mọ ọ̀wọ̀, kò sì gọ̀. Bùràímọ̀ gbé ike sọdá ọ̀nà, àna rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn bí ọlọ́pàá.

Èsì dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kókó àgbọ̀n náà ni. Dókítà ní àwọn yóò yọ ti apá ọ̀tún. Ti apá òsì jìn jù, àwọn yóò máa ya fọ́tò rẹ̀ lóṣù mẹ́fà mẹ́fà. Kì í yára dàgbà, ènìyàn lè bá a gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nafisa túmọ̀ gbogbo rẹ̀.

Dókítà na ìwé èsì sí i. "Ká ní wọ́n ti yẹ ti àkọ́kọ́ wò ni," ó wí fún Nafisa, "wọn ìbá ti padà gé eegun náà dáadáa. Bóyá kì bá tí dé ẹ̀dọ̀fóró láé."

Bùràímọ̀ gbọ́ ọ ketekete. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀ bí ìṣe rẹ̀. "Kí ni wọ́n wí?"

Nafisa ń ká ìwé èsì náà sí ọ̀nà mẹ́rin. "Wọ́n ní ká máa lọ sílé, Bàbá."

Ì bá tẹ́ Bùràímọ̀ lọ́rùn kí Nafisa sọ ọ̀rọ̀ dókítà náà sí òun lójú. Ó ní ó dára, ó sì dìde.