Ẹsẹ̀ Òsì Áńgẹ́lì

Yúrò mẹ́rin ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi kí n tó wọ gbọ̀ngàn ìlú Ellersbrunn, èmi tí mo ti fi odidi oṣù mẹ́jọ ṣiṣẹ́ lábẹ́ àjà rẹ̀ rí. Àwọn àlejò yòókù wá ya fọ́tò. Èmi ò wá ya fọ́tò o. Ẹsẹ̀ kan ni mo wá wò.

Ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, iṣẹ́ mi ni kí n máa fi ẹfun mọ ère sára àjà ilé. Áńgẹ́lì kan wà lókè ibi tí ọkọ àti ìyàwó máa ń dúró sí tí wọ́n bá fẹ́ fọwọ́ síwèé ìgbéyàwó. Èmi ni mo tún ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ṣe. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, ọdún ọtí bíà máa bẹ̀rẹ̀ nírọ̀lẹ́, wáyà irin tí a fi ń de ère mọ́ àjà sì ti tán lọ́wọ́ mi. Mo kan ìṣó méjì péré, mo fi ẹfun bò ó, mo sáré lọ mutí. Ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́ látọjọ́ náà. Ojú tì mí láti sọ fún ọ̀gá mi, bí ọdún sì ṣe ń gorí ọdún ni ọ̀rọ̀ náà ń ṣòro í sọ sí i. Wàyí o, ní Sátidé, Gundula, ọmọ wa kan ṣoṣo, máa dúró sábẹ́ ẹsẹ̀ yẹn.

Àárọ̀ ọjọ́ tí a lọ wo ẹsẹ̀ náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́wọ́ fún Reinhilde, ìyàwó mi. Búrẹ́dì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́nu ọ̀nà, a ki bàtà wa bọ inú bàtà aṣọ ńlá tí wọ́n ń kó fún àlejò, kí ilẹ̀ onípákó má bàa họ. Ẹsẹ̀ mi ń yọ̀.

"Rọra o," Reinhilde ní. "Má tíì ṣubú kí áńgẹ́lì tó ṣubú."

Mo gbé awò tí mo fi ń wo ẹyẹ sójú. Ẹsẹ̀ náà mọ́ lóló, kò sán níbì kankan. Àmọ́ àtàǹpàkò rẹ̀ yà mí lẹ́nu. Èmi ò mọ ọ́n kó rí rọ́bọ́tọ́ tó yẹn.

Mo pe Ìyáàfin Kerbel tó ń mú wa kiri. "Ẹ jọ̀ọ́ màdáámù, ẹsẹ̀ òsì yẹn, ṣé ó dúró dáadáa?"

"Ìyẹn kẹ̀? Tuntun ni o! Ti tẹ́lẹ̀ já bọ́ lọ́dún méjìlá sẹ́yìn, láàárọ̀ Mọ́ńdè kan, kí ẹnikẹ́ni tó wọlé. Àga kan péré ló fọ́. Òpònú kan ló fi ìṣó méjì gbé e ró! Irin ni wọ́n fi dè é báyìí, ẹ lè so màlúù rọ̀ sí i."

Mo jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú bàtà aṣọ lẹ́sẹ̀, mo ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú mi. Ikú tó fẹ́ pani tó wá ṣíni ní fìlà, ọpẹ́ là ń dá.

"Alwin," Reinhilde ní, "odidi ọdún méjìlá lo fi ń bẹ̀rù ẹsẹ̀ tí kò sí níbẹ̀!"

Mo nawọ́ sókè bí ọmọ iléèwé. "Màdáámù, èmi ni òpònú náà."

Ìyáàfin Kerbel wò mí, ó wo Reinhilde, ẹ̀rín pa á. "Ó dáa, ẹ wá kí ẹsẹ̀ yín. Òun la fi ń dá ilẹ̀kùn ọ́fíìsì wa dúró."

Nígbà tí Gundula ń fọwọ́ síwèé ní Sátidé, Reinhilde já mi léèékánná. "O ò tiẹ̀ wòkè?"

Ọmọ mi ni mò ń wò.